Ṣé kí n fọwọ́ sí àyẹ̀wò ojú àti etí tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọmọ mi?

Ìyá Ọlá, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì yóò wá yẹ ojú àti etí àwọn ọmọ wò, wọ́n sì ní kí òbí tó bá fara mọ́ ọn fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni tèmi, kò sì ráhùn rí. Bàbá rẹ̀ ní bí wọ́n bá ti fi awò sójú ọmọ kékeré, ojú náà kò ní dá ríran mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì, Oǹdó:
Ẹ fọwọ́ sí i, mà. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa láti kékeré kì í ráhùn, nítorí kò mọ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ríran. Ojú kejì ni yóò máa lò, ọpọlọ yóò sì máa pa èyí tó ṣàárẹ̀ tì díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń bo ojú kan kí a tó yẹ èkejì wò, tí ọmọ yóò dúró ní mítà 6 sí pátákó lẹ́tà; èyí tí kò tíì mọ̀wé yóò kàn fi ìka júwe ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà E kọjú sí. Ìtọ́jú irú ojú bẹ́ẹ̀ máa ń so èso jù kí ọmọ tó pé ọdún 7. Ní ti awò, kì í ba ojú jẹ́: bí ó bá bọ́ ọ, bó ṣe ń ríran tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣe máa ríran, àfi pé ó ti wá mọ bí nǹkan ṣe ń mọ́ kedere.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Àkúrẹ́:
Ẹ má fi ojú nìkan mọ, mà. Ọmọ kan wà ní kíláàsì wa tí wọ́n ń pè ní alágídí, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń wo ẹnu ẹni nìkan ló máa ń dáhùn. Ìdọ̀tí etí ló dí i pa. Ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń ro ó nílé ló sì ń tì í wọnú (ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé ki nǹkan bọ etí ọmọ). Ṣùgbọ́n ẹ béèrè yàrá tí wọn yóò ti yẹ etí wò, nítorí ohùn tí wọ́n ń lò kéré gan-an, bí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń dún nítòsí, ọmọ tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá lè má gbọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì, Oǹdó:
Òótọ́ ni olùkọ́ sọ. Bí wọ́n bá ní ọmọ yín kò yege, kò tíì túmọ̀ sí pé ó ní àìsàn. Ẹ gba èsì náà ní kíkọ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà ojú tàbí ti etí, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.