Èèpo ọsàn fún ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì: kí ló ń jẹ́ kó bu, kó ká kò, kó sì dúdú?

Ọ̀dọ́Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ fi èèpo ọsàn, ọsàn tí a gé pẹlẹbẹ àti ohun tí a lè ṣà lábẹ́ igi ṣe ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì, kí n má lọ ra oníke. Ìràwọ̀ tí mo gé lára èèpo ká kò bí ewé tí iná rà. Àwọn pẹlẹbẹ tí mo sá sóòrùn bu ní ọjọ́ kẹta, èyí tí mo sì gbé sínú ààrò gáàsì dúdú. Oòrùn ló dáa ni àbí ààrò? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó gbẹ tán? Kí ni mo tún lè ṣà nítòsí Ìbàdàn tí á bá a mu?

Ọ̀ṣọ́Ilé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ọsàn náà. Ọsàn wa lè dùn bí oyin kí èèpo rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, nítorí òru ilẹ̀ wa kì í tutù tó láti pa àwọ̀ ewé ara rẹ̀ rẹ́. Irú èèpo bẹ́ẹ̀, tó bá gbẹ, á ṣókùnkùn bí ilẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ ní kí ọlọ́sàn ṣa èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú fún yín, tàbí kí ẹ lo tánjẹ̀rínì. Ẹ má jẹ́ kó bó o o, odindi lẹ fẹ́.

Ìdí tí ìràwọ̀ yín fi ká ni funfun abẹ́ èèpo. Omi pọ̀ nínú rẹ̀ ju ara òde lọ, ó sì máa ń sún kì ju òde lọ bó bá ń gbẹ, ó á wá fa gbogbo rẹ̀ sínú. Ẹ la èèpo sí mẹ́rin láti orí dé ìdí, ẹ ṣí i kúrò, kí ẹ fi ṣíbí ha funfun náà títí èèpo yóò fi ku bíi mìlímítà 2. Ẹ gé ìràwọ̀ yín nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹ fi ìṣó lu ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 4 sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ihò náà á kéré sí i, èèpo gbígbẹ sì máa ń fọ́ bí ẹ bá lu ú. Ẹ tò wọ́n sáàárín bébà, ẹ gbé pákó lé e, ẹ gbé ìwé ńláńlá lé pákó. Ẹ pààrọ̀ bébà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, nítorí bébà tútù ló ń fa bíbu. Lẹ́yìn náà ẹ lè sá wọn, kí nǹkan wúwo díẹ̀ ṣì wà lórí àwọ̀n tó bò wọ́n.

Èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí ọlọ́sàn ń fi abẹ bó, tó ń dà sílẹ̀, kò jẹ́ ká náwó rárá. Ẹ wé e mọ́ igi tó tó pẹ́ńsùlù, ẹ fi pẹ́gì aṣọ mú orí àti ìdí rẹ̀, ẹ fi sóòrùn fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá yọ igi náà. Á dúró wíwé bíi sípírínì. Èmi kò rí ọ̀ṣọ́ tó lẹ́wà tó o lórí igi.

AyanỌsàn

Mo gbà fún Ọ̀ṣọ́Ilé, àmọ́ ẹni tó bá wà létí òkun l'Ékòó, kó má gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn nìkan. Omi pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, àní nígbà ọyẹ́. Ní Ìbàdàn, oòrùn oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ bá ti dé tó: ẹ tò wọ́n sórí asẹ́ tàbí àwọ̀n, kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ bò ó nítorí eṣinṣin, kí ẹ sì gbé e wọlé kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀. Ìrì òru kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọjọ́ méjì jẹ́. Ó máa ń gba ọjọ́ 4 sí 7.

Pẹlẹbẹ ọsàn gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà 5 tàbí 6. Bí ó bá fẹ́lẹ́ ju 4 lọ, á ya. Bí ó bá nípọn ju 8 lọ, ara òde á gbẹ nígbà tí inú ṣì tutù, ibẹ̀ ni bíbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ hóró, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ omi kúrò lára wọn kí ẹ tó sá wọn.

Fún ààrò, 90°C sí 100°C fún wákàtí 3 sí 4 ni, kí ẹ máa yí i padà ní ìṣẹ́jú 30, 30. Iná tó kéré jù nínú ọ̀pọ̀ ààrò gáàsì ju ìyẹn lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí tiyín fi dúdú: ṣúgà inú ọsàn ló jó. Ẹ fi ṣíbí igi dá ilẹ̀kùn ààrò dúró kó ṣí díẹ̀, kí ẹ sì tò wọ́n sórí irin oníhò, kì í ṣe sórí tíréè. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí àárín rẹ̀ kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, tó sì ṣì ń rọ̀ díẹ̀. Yóò le sí i bó bá tutù.

Ẹ wá wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n lónìí, ẹ tún gbé e lọ́la. Bí ó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, kò tíì gbẹ. Èèpo gíráàmù 100 máa ń ku bíi 25 sí 30. Ẹ má ṣe fi fánííṣì kùn ún kí ìwọ̀n tó dúró lójú kan, nítorí ẹ óò sé omi mọ́ inú.

Ewé_Inú_Oko

Nípa ohun tí ẹ lè ṣà: pánṣẹ́kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, pódì rẹ̀ gígùn tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ẹ lè fi hóró sílẹ̀ nínú rẹ̀ kó máa dún, tàbí kí ẹ là á sí méjì. Ẹ tún wá èso líle igi whistling pine tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé púpọ̀, hóró agbálùmọ̀ (ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, dídán ni), òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, háhá àgbàdo, àti màrìwò tí kò tíì là, tó máa ń gbẹ ní àwọ̀ ọrá. Ṣùgbọ́n màrìwò jẹ́ aṣọ Ògún, ẹnu ọ̀nà ojúbọ ni a sì mọ̀ ọ́n sí. Bí ẹ bá máa so ó síta, ẹ ronú sí ohun tí aládùúgbò yóò kà sí i. Ẹ kò sì gbọdọ̀ gé e lára ọ̀pẹ ẹlòmíràn láìtọrọ.

Ohun tí ẹ bá ṣà nílẹ̀ ní kòkòrò. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fírísà fún ọjọ́ 4, tàbí kí ẹ fi í sí ààrò ní 90°C fún ìṣẹ́jú 40, kí ẹ dúró tì í.

Fún àwọ̀ funfun: ṣíbí ìjẹun 3 ẹfun tí a lọ̀ kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ sítáàṣì fífúyẹ́, ìyẹn ṣíbí sítáàṣì 1 tí ẹ sè nínú ìdajì kọ́ọ̀bù omi. Osùn ni fún pupa. Ìko ni kí ẹ fi so ó, ó bá ọsàn mu ju òwú funfun lọ.

Ọ̀dọ́Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé mo lè fi iwérénjéjé kún un? Pupa olójú dúdú yẹn á dára pẹ̀lú ọsàn.

Ewé_Inú_Oko

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Májèlé tó lágbára wà nínú hóró rẹ̀. Èèpo rẹ̀ tó le ló ń sé e mọ́, abẹ́rẹ́ tí ẹ bá sì fi lu ihò sí i ló ń ṣí i sílẹ̀. Lárà náà bẹ́ẹ̀. Ilé tí ọmọ ń rá nínú rẹ̀ ni igi Kérésìmesì máa ń wà, hóró sì máa ń já bọ́. Àgbálùmọ̀ ni kí ẹ lò, kó sì jẹ́ pé ọmọ tó ń fi nǹkan sẹ́nu kò lè tó o.

AyanỌsàn

Mo tún fẹ́ fi kan kún un. Èèpo ọsàn gbígbẹ ní òróró, a sì mọ̀ ọ́n sí ohun tí wọ́n fi ń dá iná. Bí iná bá lọ, ẹ má gbé àbẹ́là sítòsí igi náà. Bí ọdún bá parí, ẹ wé wọn sínú bébà, ẹ kó wọn sínú agolo tó ní ìdérí, ẹ fi ìwọ̀nba ìrẹsì tí ẹ yan gbẹ sísàlẹ̀ kó máa fa omi, àti ewé dóńgóyárò gbígbẹ nítorí kòkòrò. Ẹ ṣí i wò ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá rọ̀, ẹ tún sá a.