"Oríṣiríṣi" kò tó: kí la ó pe ìyàtọ̀ inú àbùdá kòkòrò adìẹ?

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀yẹ́ dábàá pé "oríṣiríṣi àjogúnbá kòkòrò" ni ká máa pe ìyàtọ̀ tó wà láàárín bakitéríà inú adìẹ àti èyí tó ń kó inú rírun bá èèyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò lè fara mọ́ ọn. Oríṣiríṣi ń dà mí láàmú, àjogúnbá náà sì ń dà mí láàmú.

Mo ka àbá náà létí ìyá kan ní Ìkéré tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin, ẹni tí mo máa ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń to ẹyin sínú kíréètì lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní: "Bí aáyán àti eṣinṣin, àbí?" Ohun tí etí Yorùbá ń gbọ́ nínú oríṣiríṣi nìyẹn: nǹkan tí kò bára tan. Bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó bára tan gan-an ni àwọn onímọ̀ ń wá, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí maikirosikópù pàápàá ò lè yà sọ́tọ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Níbí, èyí tó ń mú inú ẹlòmíì run la fẹ́ mọ̀.

Ẹ wo Salmonella, ọ̀kan lára bakitéríà tó ń kó inú rírun bá èèyàn. Irú méjì péré ni wọ́n pín in sí, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó wà lábẹ́ méjèèjì lé ní 2,500. Ibi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ rí ẹ̀ka kan ni wọ́n sábà máa ń fi sọ ọ́ lórúkọ: ọ̀kan ń jẹ́ Ibadan, ọ̀kan ń jẹ́ Agodi, ọ̀kan tiẹ̀ ń jẹ́ Yoruba. Ó dùn mí pé orúkọ wa wà níbẹ̀, tí a ò sì tíì ní ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ ohun tí wọ́n fún lórúkọ náà. Ẹ̀ka tó ń jẹ́ Gallinarum a máa pa adìẹ lọ bẹẹrẹ, kì í sì í sábà yọ èèyàn lẹ́nu. Typhi tó ń fa ibà táífọ́ọ̀dù, ara èèyàn nìkan ló ń gbé. Enteritidis a máa bá inú ẹyin wọlé sí wa lára, adìẹ tó yé ẹyin náà sì lè máà ṣàìsàn rárá. Ọmọ agboolé kan ni wọ́n, ìwà wọn ò dọ́gba.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ojúlé" fún ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, àti "ìpẹ̀ka àbùdá" fún ìyàtọ̀ náà lódindi. Àbùdá ni mo ń pe ohun inú ara tó ń pinnu bí kòkòrò ṣe máa rí àti bí yóò ṣe máa hùwà. Ojúlé inú agboolé kan níhìn-ín lè pọ̀, ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Àwọn àgbà ti ṣe irú rẹ̀ fún adìẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n rí èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ò pé lára, wọ́n pè é ní òpìpí, wọn ò sọ pé kì í ṣe adìẹ.

"Àjogúnbá" ló burú jù. Òótọ́ ni pé bakitéríà ń jogún lọ́dọ̀ èyí tó bí i, ṣùgbọ́n ó tún máa ń gba àbùdá lọ́wọ́ aládùúgbò tí kò bá a tan rárá. Báyìí ni àbùdá tí kì í jẹ́ kí oògùn ràn án ṣe ń ti ara irú kan bọ́ sí ara òmíràn nínú ìfun adìẹ. Ogún kọ́ nìyẹn. Bí a bá sọ fún ìyá Ìkéré pé àjogúnbá ni, yóò rò pé ara ọmọ adìẹ ọjọ́ kan tí òun rà ló ti wá, kò ní wo antibáyọ́tíìkì tó ń dà sómi wọn bí kò tiẹ̀ sí àìsàn, èyí tó ń jẹ́ kí irú àbùdá bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀. Ẹnì kan nínú wa ti tako ọ̀rọ̀ náà àbùdá tẹ́lẹ̀, ó ní ìwà ni àbùdá, pé a máa ń sọ ọ́ bí ọmọ bá lágídí: "Àbùdá rẹ̀ ni." Mo gbà. Ṣùgbọ́n àbùdá kò sọ ibi tí ìwà náà ti wá, ohun tó sì jẹ́ kí n yàn án nìyẹn.

Mo gbé gbólóhùn yìí padà lọ sí Ìkéré: "Wọ́n fi ìpẹ̀ka àbùdá Campylobacter inú adìẹ wé ti inú ìgbẹ́ àwọn aláìsàn, kí wọ́n lè mọ ojúlé tó ti ọ̀dọ̀ adìẹ wá." Mo ṣàlàyé pé Campylobacter, bakitéríà mìíràn tó ń kó inú rírun bá èèyàn, lè kún inú adìẹ tí ara rẹ̀ le koko. Ìyá náà gbé kíréètì sílẹ̀. "Ojúlé wo ló wà nínú tèmi?"

Ohun tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni bí àbùdá ṣe ń bọ́ láti ara kan sí òmíràn. "Yá" kò ṣe é, ohun tí a bá yá a ó dá a padà. Mo rò ó sí "ràn", bí àrùn ṣe ń ràn, ṣùgbọ́n ràn méjì á wá máa jà nínú gbólóhùn kan: àbùdá tó ràn án ni kò jẹ́ kí oògùn ràn án. Ẹ̀yin ará Ìjerò àti Ìkọ̀lé, kí lẹ máa ń sọ nílé bí ọmọ ẹni bá kó ìwà ọmọ aládùúgbò?