Ọ̀nà wo lẹ gbà tí àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 fi ń gbádùn ìwé kíkà? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, olùkọ́ lítíréṣọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ọjọ́ orí tí mò ń kọ́ yìí, ọmọ ti mọ̀wé kà, àmọ́ ojú ti ń tì í láti kà á sókè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ àṣà kan ṣì wọ́pọ̀ nínú kíláàsì wa: ọmọ kan á ka ìpínrọ̀ kan, ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e á gbà á, títí á fi kárí. Mo jókòó sẹ́yìn nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ojú àwọn ọmọ ni mò ń wò. Àwọn tí kò tíì kàn ń ka ìpínrọ̀ tiwọn wúyẹ́wúyẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ti kà tán ti gbọ́kàn kúrò níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ sì ń relẹ̀ títí ó fi jókòó. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ ìtàn náà dùn gan-an.

Eré ni mo fi rọ́pò àṣà yẹn ní kíláàsì tèmi. Mo máa ń mú orí kan tí ìtàkùrọ̀sọ pọ̀ nínú rẹ̀, màá pín in fún àwọn ọmọ: ẹnì kan jẹ́ asọ̀tàn, àwọn yòókù jẹ́ ẹ̀dá ìtàn. Kò sí aṣọ eré, kò sí àkọ́sórí. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ohùn nìkan ni wọ́n fi ń ṣeré. Àmọ́ wọn kì í kà á fún kíláàsì lọ́jọ́ tí mo bá pín in. Wọ́n á kọ́kọ́ mú un lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n á kà á láàárín ara wọn, wọ́n á sì jiyàn. "Ṣé inú ló ń bí i ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà á?" Irú ìbéèrè tí mo máa ń wá lẹ́nu wọn gan-an nìyẹn, àwọn fúnra wọn ló sì ń béèrè é, torí kò sẹ́ni tó lè mọ ohùn tó máa fi sọ gbólóhùn kan láìmọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó sọ ọ́.

Àkàtúnkà tún wà níbẹ̀. Ní 1979, Jay Samuels, onímọ̀ ìwé kíkà kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí ọmọ ṣe lè máa ka àyọkà kúkúrú, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 50 sí 200, ní àkàtúnkà títí á fi yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà tó dáa ni, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ ọdún 13 pé kó tún ohun kan náà kà, ẹ máa rí ojú tó máa fi wò yín. Nínú eré, ó nídìí tó fi ń tún un kà.

Ọmọkùnrin kan wà tí kì í lanu nínú kíláàsì mi. Gbólóhùn kan péré ló gbà, ti ìyá àgbà tó ní "Ẹ jẹ́ kó máa lọ." Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ kó fi ìbínú sọ ọ́. Ó kọ̀. Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó fi ibi tí ìyá náà ti ń tọ́jú yàrá ọmọ náà sílẹ̀ hàn wọ́n, ó ní ẹni tó mọ̀ pé ọmọ òun á padà kì í bínú. Inú mi dùn débi pé mi ò lè fi pamọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin ń ṣe?

Èsì, olùkọ́ èdè:

Ẹ ṣeun fún èyí. Ní tèmi, ìbéèrè ni mo kó lé wọn lọ́wọ́. Ní 1984, Annemarie Palincsar àti Ann Brown gbé iṣẹ́ kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ kíláàsì keje tí ìwé ń yọ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n tí ohun tí wọ́n kà kì í yé wọn. Olùkọ́ àti àwọn ọmọ ló ń gba ipò olùkọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá kàn á béèrè ìbéèrè lórí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, á sọ kókó rẹ̀ ní ṣókí, á tú ibi tó ta kókó, á sì sọ ohun tó rò pé ó máa tẹ̀ lé e. Òye àwọn ọmọ náà pọ̀ sí i.

Mo ti ń lò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́, àfi bí ẹ bá sọ ọ́ di fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún. Ìgbà yẹn, ìbéèrè tí wọ́n ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n á máa kọ. Mo wá ní kí oníkálukú béèrè ohun tí kò yé òun lóòótọ́. Ọmọ kan béèrè pé kí ló dé tí òǹkọ̀wé ò fún bàbá inú ìtàn náà lórúkọ. Èmi náà ò ní ìdáhùn. Ariwo sọ, wọ́n ń ṣíwé síwá-sẹ́yìn, agogo lù wọ́n ò dìde.

Èsì, olùtọ́jú ilé ìkàwé:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kún un. Donna Recht àti Lauren Leslie mú ọmọ 64 ní kíláàsì keje àti ìkẹjọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí wọ́n ka àyọkà lórí eré baseball (eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù), kí wọ́n sì fi àwọn ère kéékèèké ṣàfihàn ohun tí wọ́n kà lórí pátákó. Iṣẹ́ náà jáde ní 1988. Àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí kò mọ̀wé kà dáadáa, àmọ́ tí wọ́n mọ eré náà dunjú, rántí jù àwọn tó mọ̀wé kà tí kò mọ eré náà lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún mi pé ọmọ kan kì í kàwé, ohun tó mọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀kan fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ títúnṣe. Ìwé atọ́nà rẹ̀ ló kọ́kọ́ yá lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà ló yá ìtàn àròsọ kan nípa ìdíje kẹ̀kẹ́. Mi ò ní kí ọmọ máa ka ohun tó mọ̀ nìkan o. Bí ìwé bá dá lórí ogun tàbí òkun tí wọn ò rí rí, ẹ fún wọn ní àwòrán, àwòrán ilẹ̀ àti ìròyìn kúkúrú kí wọ́n tó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.

Èsì, òbí kan:

Ọmọ mi mú irú eré yìí wálé, ó sọ mí di ọlọ́pàá inú ìtàn. Èmi gan-an ló ń bẹ̀ ẹ́ pé ká ka orí tó kàn.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Àwọn kan béèrè nípa kíláàsì tí èrò pọ̀ àti máàkì. Gbogbo ẹgbẹ́ ni mò ń fún ní orí kan náà, àmọ́ méjì péré ló ń kà á síta lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ń gbọ́ á kọ ibi kan tí ohùn ti yàtọ̀ sí bí àwọn ì bá ṣe kà á, àti ìdí rẹ̀. Ewì ló dára jù fún èyí, torí ẹgbẹ́ méjì lè ka ewì kan náà, kí ọ̀kan kà á bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kí èkejì kà á bí ẹni tó ń bínú, kí àwọn méjèèjì sì ní ẹ̀rí nínú ewì náà.

Mi ò fún ohùn ní máàkì. Ìwé pélébé tí ọmọ kọ lórí ìdí tó fi kà á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan láti inú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ni mò ń fún ní máàkì. Àwọn tó ń kólòlò tàbí tí ẹ̀rù ń bà, mo máa ń fi wọ́n sínú agbo tó ń ka ìlà kan pa pọ̀, wọ́n á sì jáde dá kà nígbà tó bá wù wọ́n.