Ẹ sọ ìrírí yín: píìtì mọ́ọ̀sì tí a fi ń tọ́ ọmọ ata

Ìyá Aláta, Súrùlérè:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú oòrùn o. Òkè ilé wa ní Súrùlérè ni mo ti ń tọ́ ọmọ ata àti ọmọ tòmátì tí mo ń tà fún àwọn tó ń gbin nǹkan sínú ike àti àpò. Píìtì mọ́ọ̀sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó fúyẹ́, kò lépò, ó sì ń mú omi dúró ju iyẹ̀pẹ̀ wa lọ. Ilẹ̀ dúdú kan láti òkè òkun ni mo pè é, mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, mo lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí mo fi tíréè sílẹ̀ fún kò bomi rin wọ́n. Ìgbà tí mo dé, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Mo bu omi lé e. Omi náà ṣù roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, ó yí gbirigbiri lórí ẹ̀, ó sì ṣàn gba etí tíréè lọ. Mo ti ìka bọ inú ẹ̀, ìsàlẹ̀ gbẹ bí èlùbọ́. Tàtàṣé tó lé ní 200 ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ olùkọ́ nípa ewéko ló bá mi níbi tí mo ti fẹ́ da píìtì náà nù. Ó ní kí n fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ mọ́jú. Àṣé bó bá ti gbẹ kọjá ààlà, kì í gbomi mọ́, àfi kéèyàn rọra bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ tú u wò, ó yọ igi tínńtín kan jáde, kò gùn ju èékánná mi lọ, ewé wẹ́wẹ́ ṣù mọ́ ọn lára. Ó gbé awò lé e, ó ní kí n wò ó. Gbogbo ara ewé náà jẹ́ yàrá kéékèèké: àwọn kan tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ló ń ṣe ohun tó máa ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ nígbà tó wà láàyè, àwọn kan gbòòrò, wọ́n ṣófo, ihò sì wà lára wọn. Inú àwọn tó ṣófo yìí lomi ń gbé. Bó ṣe ń fa omi bíi kànìnkànìn nìyẹn, ó lè fa tó ìlọ́po 20 ìwọ̀n ara rẹ̀.

Mọ́ọ̀sì ni, ewéko kékeré inú àbàtà; òkú rẹ̀ tó ń kó jọ láìjẹrà tán ló ń di píìtì. Sphagnum lorúkọ mọ́ọ̀sì náà. Oríṣi rẹ̀ lé ní 300. Ilẹ̀ olótùútù ló ti pọ̀ jù: Kánádà, Rọ́ṣíà, Finland, Sweden, Ireland. Ó wà ní Áfíríkà náà, lórí òkè gíga tó tutù bíi Rwenzori ní Uganda. Ó máa ń sọ omi àyíká rẹ̀ di kíkan, nǹkan kì í tètè jẹrà níbẹ̀. Lọ́dún 1950, àwọn tó ń wa píìtì ní Denmark bá òkú ọkùnrin kan nínú ẹ̀. Ojú rẹ̀ pé, irùngbọ̀n ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tó ti wà níbẹ̀!

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé nǹkan bíi mílímítà 1 ni píìtì fi ń ga lọ́dún. Mo wo tíréè mi, sẹ̀ńtímítà 5 ni jíjìn rẹ̀. Ọdún 50 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ ata ń lò nínú ẹ̀.

Mo ní ṣé ó ti ń parun ni? Ó ní kí n má kó gbogbo wọn pọ̀. Sphagnum balticum pọ̀ ní Sweden àti Finland, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n ní Britain débi pé òfin ń dáàbò bò ó níbẹ̀. Ti Sphagnum pylaesii yàtọ̀: ní gbogbo Yúróòpù, ìwọ̀ oòrùn Faransé àti àríwá ìwọ̀ oòrùn Spain nìkan ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún wà ní Amẹ́ríkà. Òfin Yúróòpù ti 1992 dárúkọ ẹ̀ gan-an, pé kí wọ́n ya ibi tó ń hù sí sọ́tọ̀. Sphagnum novo-caledoniae sì rèé, erékùṣù New Caledonia nìkan ni ilé rẹ̀ láyé yìí. Mo yẹ àpò mi wò tinú tẹ̀yìn. “Sphagnum” ni wọ́n kọ, wọn ò sọ èwo. Látìgbà yẹn ni mo ti ń fi èèpo àgbọn lílọ̀ rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bíríkìlà Ẹ̀bùté-Mẹ́ta:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. A ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan létí ọ̀sà, a kan ẹrẹ̀ dúdú bí èédú, ó ń rùn, gbòǹgbò igi ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹnjiníà ní píìtì ni, pé ilé ò lè dúró lé e, àfi ká gbá òpó wọlẹ̀ títí yóò fi kan iyanrìn tó le. Ṣé mọ́ọ̀sì tiyín náà nìyẹn?

Ìyá Aláta, Súrùlérè:

Rárá o, ọmọ mi. Èmi náà bi olùkọ́ yẹn. Igi àti koríko àbàtà ló ṣubú sómi tí kò jẹrà tán, ìyẹn ló di tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kóńgò, tí wọ́n kéde ìwọ̀n rẹ̀ lọ́dún 2017: ó lé ní 145,000 kìlómítà níbùú lóòró, igi ló ṣe é, kì í ṣe mọ́ọ̀sì. Àmọ́ ìwà wọn jọra. Bí a bá fa omi rẹ̀ gbẹ, yóò jẹrà, èéfín carbon tó ti há sínú ẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún yóò sì jáde.

Ọlọ́gbà Yábàá:

Ẹ̀gbọ́n mi, èèpo àgbọn yẹn jó ewé tòmátì mi létí wẹ́rẹ́. Èmi ò mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú ẹ̀!

Ìyá Aláta, Súrùlérè:

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Iyọ̀ ni lóòótọ́. Rẹ ẹ́ sínú omi títí di ọjọ́ kejì, da omi náà nù, tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tọ́ omi ìkẹyìn wò lẹ́nu. Bí o bá ṣì gbọ́ iyọ̀, tún un fọ̀. Àwa tí a wà ní Mainland, ta ló mọ ẹni tó ń kó o wá láti Badagry ní èyí tí wọ́n ti fọ̀? Àpò mẹ́rin ni mo ń wá.