Ọjọ́ wo ni le (ti akọ) àti la (ti abo) inú èdè Faransé yé yín? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Adéwálé_K
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọkùnrin ni mí, ṣùgbọ́n obìnrin ló kọ́ mi ní Faransé, ọdún kan gbáko, ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò. Bó bá ti ní "Je suis prête" (mo ti ṣe tán), èmi náà á ní "Je suis prête". Ìgbà tí mo dé Kútọnu, ọlọ́kadà kan, Nàgó ni (Yorùbá ilẹ̀ Benin), bi mí bóyá ká máa lọ. Mo dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó yíjú padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, obìnrin ló ń pe t yẹn síta. Prêt ni tiyín, ẹ gbé t mì." Àṣé èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ gan-an wà lára ohun tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá mu! Tiyín ńkọ́?

Mọ́remí
La barbe. Irùngbọ̀n! Abo ni Faransé pè é! Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ọmọ Kétu
Mọ́remí, má wo nǹkan náà rárá, orúkọ rẹ̀ ni kó o wò. Kò sẹ́ni tó yẹ abẹ́ tábìlì wò kó tó pè é ní la table. Ọkùnrin tó ga bí òpó, "une personne gentille" (èèyàn dáadáa) ni, abo pátápátá. Orúkọ àti le tàbí la rẹ̀ ni a jọ ń há sórí nílé ẹ̀kọ́ wa, bí ẹ ṣe kọ́ igba, igbá àti ìgbà láì bèèrè ìdí tí ohùn fi lọ sókè. Bó o bá ṣì í pè, nǹkan mìíràn lo sọ: le livre ni ìwé, la livre ni owó pọ́n-ùn.

Bàbá Ìbejì
Àwa náà kúkú ní akọ àtabo. Akọ ìbẹ́pẹ ńkọ́? Akọ òkúta ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàrà
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyẹn ò jọra. Akọ ìbẹ́pẹ gíga, abo ìbẹ́pẹ gíga, "gíga" ò yí padà. Àwọn Faransé á ní un arbre vert (igi tútù, akọ), wọ́n á tún ní une feuille verte (ewé tútù, abo).

Bàbá Ìbejì
Ta ló sọ pé tiwa kì í yí padà? Ọmọ kékeré kan, ọmọ kéékèèké mẹ́ta. Ilé ńlá, ilé ńláńlá. Ṣé o lè ní "ọmọ kéékèèké kan"?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàrà
Háà. Iye nìyẹn o, kì í ṣe akọ àtabo. Ṣùgbọ́n ìbámu ni lóòótọ́. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Dàmọ́lá
Ọ̀wọ̀ ló kó bá èmi. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wa obìnrin, "Vous êtes gentils". "Ẹ" ṣáà ni vous, mo wá fi s tó ń fi ọ̀pọ̀ hàn bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n fi bírò pupa fa s yọ, wọ́n kọ gentille. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gba ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ń wò ó pé obìnrin ni, ẹnì kan ṣoṣo sì ni. Ó dùn mí gan-an, torí tọkàntọkàn ni mo fi s yẹn síbẹ̀.

Ọmọ Kétu
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Táíwò Lọ́ńdọ̀nù
Son àti sa, "rẹ̀" ti akọ àti ti abo, ló pa mí lára. Mo rò pé bíi his àti her ni, àfi ìgbà tí ọmọ mi ní "son père", bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin ló sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bá a wí, òun ló sì jàre! Gẹ̀ẹ́sì ń wo ẹni tó ni nǹkan, Faransé ń wo nǹkan tó ní, Yorùbá ò wo ìkankan: bàbá rẹ̀, ó parí.

Mọ́remí
Mon école (ilé ẹ̀kọ́ mi) wá ńkọ́? École jẹ́ abo, kí ló dé tí kì í ṣe ma?

Ọmọ Kétu
Fáwẹ̀lì méjì ló pàdé. Tiwa bá pàdé, a ó pa ọ̀kan jẹ: ra aṣọ, raṣọ. Àwọn fi n há a láàárín.

Adéwálé_K
Gbogbo èyí tó parí sí -age, akọ ni, àbí?

Ọmọ Kétu
Púpọ̀ nínú wọn: le village, le voyage. Ṣùgbọ́n la page, la plage, la cage, une image. Kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé rẹ.

Bàbá Ìbejì
Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí akọ òkúta o.