Ìmúra ìwọ́dò ni, kì í ṣe "ìdíkọ̀mómi"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan ti béèrè ohun tí a lè pe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sára ọkọ̀ ṣọ́jà àtijọ́ kó tó gba inú omi jíjìn kọjá, orúkọ méjì ló ti jáde: "ìsọkọ̀daláìgbomi" àti "ìdíkọ̀mómi". Àkọ́kọ́ gùn ju ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ, n ò ní bá a jà. Èkejì ni mo fẹ́ bá wí, torí ó dùn lẹ́nu, ó sì ń parọ́. Ìmúra ìwọ́dò ni èmi mú wá: ìwọ́dò ni ibi tí a ti ń fẹsẹ̀ la odò kọjá.

Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ìgò. Ẹ dí ìgò, omi ò wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ dí ẹ́ńjìnnì, ó kú.

Mo lọ jókòó ti bàbá mẹkáníìkì kan nítòsí Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ akẹ́rù Bedford ti ṣọ́jà kan ṣe. Gbàǹjo ni olówó ọkọ̀ ti rà á. Ó fẹ́ máa fi kó ẹ̀gẹ́ jáde lóko lásìkò òjò, odò tí kò ní afárá sì wà lọ́nà. Mo bi bàbá pé kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní, "À ń múra ẹ̀ fómi ni," wọ́n sì fà mí lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kí n lè fojú ara mi rí i.

Ẹ wo díífù, àpótí jíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Ó ní ihò tín-ín-rín kan lórí tó fi ń mí. Bí ọkọ̀ bá ti rìn jìnnà, díífù á ti gbóná. Bó bá wá já sínú omi tútù lójijì, atẹ́gùn inú rẹ̀ á súnkì, á sì máa fa nǹkan mọ́ra láti ibikíbi tó bá ti rí àyè. Tí ẹ bá dí ihò yẹn bí "ìdíkọ̀mómi" ṣe pa á láṣẹ, ẹ̀gbẹ́ ọ́ìlì síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ló máa ti fa omi wọlé. Ẹni tó dí i gan-an ló pe omi wá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni bàbá fi sẹ́nu ihò náà, wọ́n fà á gòkè dé ibi tí omi ò lè dé. Bí wọ́n ṣe ṣe gíàbọ́ọ̀sì náà nìyẹn. Bẹ́líìtì fáànù, wọ́n ní àwọn máa yọ ọ́ létí odò, torí fáànù tó bá ń yí nínú omi á máa da omi lu ẹ́ńjìnnì, bíléèdì rẹ̀ sì lè tẹ̀ lọ gún rédíétọ̀. Ṣé dídí nìyẹn?

Lóòótọ́, wọ́n dí àwọn ibì kan. Bẹntiróòlù ni Bedford yìí ń mu, iná plọ́ọ̀gì ló sì ń tan epo rẹ̀, nítorí náà wọ́n fi gíríìsì àti rọ́bà bo plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti wáyà wọn. Dísẹ́ẹ̀lì, tí kò ní plọ́ọ̀gì, ì bá má ní wàhálà yẹn. Àwọn Land Rover àtijọ́ náà ní ihò kan lábẹ́ ilé kọ́lọ́ọ̀ṣì tí ọ́ìlì tó bá jò máa ń gbà kán sílẹ̀. Wọ́n á fi bóòtù kékeré kan dí i kí wọ́n tó wọ omi, wọ́n á sì yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Ẹnì kan nínú wa pe ìyẹn ní "èdìdì". Ẹ jọ̀ọ́, ohùn ti sọnù níbẹ̀. Èdìdì ni ti inú Ìfihàn, tí a fi ń di ìwé. Èdídí ni ti ẹnu ìgò àti ti ihò. Èdídí ìwọ́dò tọ́ fún un, mo fọwọ́ sí i.

Ìwọ́dò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀. Nínú Bíbélì, ìwọ́dò Jábókù ni Jékọ́bù gbà kọjá lóru. Ìwọ́dò Jọ́dánì sì ni àwọn ará Gílíádì ti ní kí àwọn ará Éfúráímù pe "Ṣíbólẹ́tì", tí wọ́n ń pe "Síbólẹ́tì", tí 42,000 nínú wọn fi kú. (Ẹ bá mi dúpẹ́ pé kò sí ará Ìbàdàn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.) Ẹni tó wọ́ odò, ńṣe ló ń fẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ lábẹ́ omi, kò lúwẹ̀ẹ́. Bí táyà ọkọ̀ yìí ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ní ọkọ̀ àti omi ò jọ rìn, pé ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ṣòro. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, inú omi gan-an ni ọkọ̀ ti wá! Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ọkọ̀ apẹja, ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ọkọ̀ kí mọ́tò tó dé tí a gbé orúkọ náà wọ̀ ọ́.

Fún ọ̀pá gíga tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ọwọ́jà ni mo mú wá. Erin tó wọ odò, ọwọ́jà rẹ̀ ló máa ń nà sókè. Omi kì í ṣeé fún pọ̀ bí atẹ́gùn: bó bá gba ibẹ̀ wọ inú sìlíńdà, ọ̀pá písítìnnì á tẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù M35 tí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ń lò tẹ́lẹ̀ ń gba omi ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ kọjá bó ṣe wà. Tí wọ́n bá ti múra fún un, ó ń gba ẹsẹ̀ bàtà 6.

Ó wá ku ẹ̀yìn odò. Ní Normandy, létíkun Faransé, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà 1944, àwọn ọkọ̀ tó ti inú òkun gòkè ò lè máa bá ìmúra wọn lọ títí. Wọ́n ní láti tú u kúrò lára wọn. Bàbá tiẹ̀ ní wọ́n á kọ́kọ́ tẹ búrékì díẹ̀díẹ̀ kó lè gbẹ, wọ́n á sì yọ ọ́ìlì wò. Bó bá ti funfun bí omi ògì, omi ti wọlé. Mo fẹ́ pe ìyẹn ní "ìtúra ọkọ̀", àmọ́ ìyàwó mi ní ó dà bíi pé ọkọ̀ lọ gbafẹ́. Ta ló ní èyí tó dára jù ú lọ?