Ta ló ń bọ etí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n kọ̀wé láti Ìbàdàn ní kí á máa pe ẹ̀rọ kékeré tí àwọn dókítà fi ń ti wáyà tó ń múni gbọ́ràn sínú ìgbín-etí, ìyẹn ihò inú lọ́hùn-ún tí etí fi ń gbọ́ ohùn, fún ẹni tó dití, ní "ẹ̀rọ ìbọtí". Mo kà á, mo ké háà. Àmì ìsàlẹ̀ dà lórí "bọ"? Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí, ìbọtí àti ìbọrìṣà di ọmọ ìyá. Ó ku kí á wá obì àti àkùkọ. Ẹnìkan ní "ìbọ̀tí" ni ẹ̀gbọ́n ní lọ́kàn. Ó dáa. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ṣebí ohun tí a ń wọ̀ sára ni. Ìbọ̀tí á jẹ́ irú ìborí-etí tí àwọn òyìnbó ń lò nígbà òtútù.

Ká tilẹ̀ gba "bọ̀" wọlé, àtibọ̀ kọ́ ló ṣòro láti 1978 tí dókítà Graeme Clark ti fi wáyà ẹlẹ́nu púpọ̀ sí etí adití ní Melbourne, ní Ọsirélíà; àtiyọ́ ọ wọlé ni. Ọ̀nà ibẹ̀ lọ́ bí ìkarahun, ó yí po ní bí ìlọ́po méjì àbọ̀, omi wà nínú rẹ̀, awọ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ẹni bá fi ipá tì í, ìwọ̀nba ìgbọ́ràn tó kù lè bá a lọ. Ọwọ́ ènìyàn a sì máa gbọ̀n. Ìdí nìyí tí irú ẹ̀rọ yìí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021 fi ń jókòó mọ́ agbárí, tó ń tọ wáyà wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Màmá mi, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, kì í ti okùn bọ ṣòkòtò. Wọ́n á fi pínnì kọ́ orí okùn, wọ́n á máa fi ìka méjì fún aṣọ sẹ́yìn: "Máa yọ́ ọ wọlé, má kánjú." Èmi á kánjú, okùn á ṣẹ́rí padà nínú ìgbátí, màá tún fà á yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí wáyà ṣe ń ká padà nínú etí nígbà mìíràn.

"Ayọ́wọ̀" ni tèmi. Àwọn tó sọ ọkọ̀ ní ayọ́kẹ́lẹ́ kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi ní ìwọ̀ ẹja ni òun ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ìyẹn kàn án.

Sí ẹni tó ní kí èmi tí mo ń pe ilé ní "ulé" má dá sí ọ̀rọ̀ àmì ohùn: ọdún 26 ni mo fi kọ́ ọmọ ní dò-re-mí l'Ádó. Ẹ̀yin náà, "ìgbín-etí" tí gbogbo wa ń lò yìí, ta ló fọwọ́ sí i?